Ohùn Kan Ṣoṣo

Wọ́n gé gògóńgò bàbá mi ní Swansea
ní Ọjọ́rú kan tí òjò ò dá.
Jẹjẹrẹ ti jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé
tí kò sanwó, tí kò sì fẹ́ kó jáde.
Wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn, róbótó bíi kọ́bọ̀ àtijọ́,
ibẹ̀ lèémí ń gbà.
Imú wá di ọ̀ṣọ́ lásán:
mo dín ata níwájú rẹ̀, kò sín.

Ọ̀gá ni ní bèkírì fún ọdún mọ́kàndínlógún,
ohùn rẹ̀ a máa borí ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun.
Bó bá pe "Mọ́rádéùn!" láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn,
ajá aládùúgbò pàápàá a dìde.

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kan bíi tọ́ọ̀ṣì.
Ó ń fi í ti abẹ́ àgbọ̀n, ó ń kùn bí agbọ́n,
ọ̀rọ̀ sì ń jáde.
Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yé wọn yékéyéké:
tíì, ṣúgà méjì. Wọ́n gbé e wá.
Àfìgbà tó délé, tó sọ Yorùbá,
tí gbogbo ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ,
kò sí òkè, kò sí kòtò.
Ohùn kan ṣoṣo lẹ̀rọ náà ní.

Ó ní kí n bá òun mú òrí, kóun fi pa ojú àpá.
Orí ni mo gbọ́. Mo fún un ní panadó.
Ó gbé e mì, kójú má baà tì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì
ó jókòó sójú fèrèsé, ó gbé ẹ̀rọ sọ́rùn:
Mo fẹ́ o-kun.
Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.
Ṣé okun ni, èyí tó ti tán nínú eegun rẹ̀?
Àbí (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́) okùn?
Mi ò bi í. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bi í.
Lóru mo kó bẹ́líìtì, mo tú okùn ìsáṣọ,
mo kó o sẹ́yìn mọ́tò, títí kan okùn bàtà,
mo sì tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ń wá okùn bàtà.
Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí.
Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná,
ó fàmì sí i bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi:
Òkun.
Òkun tó wà nísàlẹ̀ òpópó wa,
tí a ò tíì lọ wò látìgbà iṣẹ́ abẹ.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Dókítà Carys Prosser,
ẹni tí ń ṣèwádìí ọ̀fun. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní gbogbo ẹni táwọn ti fi dán ẹ̀rọ wò,
kò séyìí tó ń fohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.
Báyìí ni bàbá mi ṣe buwọ́ lùwé, olùkópa kẹrìnlá.
Bọ́tìnnì tuntun, àtàǹpàkò kan:
tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, dò;
tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, re;
rì í mọ́lẹ̀, mí.

Òtútù a máa kú àtàǹpàkò náà. Nígbà náà
orúkọ mi a di ti ẹlòmíì.
Wọ́n sì ní owó ìwádìí ń parí lóṣù kẹfà,
wọn ò sọ bóyá wọ́n á gba ẹ̀rọ.

Lánàá a lọ sétí omi. Afẹ́fẹ́ ń já ìbòrùn rẹ̀.
Ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀:
Òkun.
Mo gbọ́ ọ.
Mo ní mi ò gbọ́, kó tún un sọ.