Yàrá Tí Kò Jẹ́ Kó Yára

Ní Otaru, létí òkun, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n ẹja,
ilé kọfí kan wà tí àga rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ.
Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí orin bá ti ń lọ.
Ìyá Kuwabara á fi aṣọ rírọ̀ nu àwo,
á rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn,
á padà sídìí ìkòkò omi gbígbóná.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́:
"Orin yìí ti ń falẹ̀."
Ogiwara, tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ ojú omi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́.
Ó ní onílù ń wọ́ ẹsẹ̀,
ó ní ẹni tó ń ta jìtá ńlá náà
ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.
Mizoguchi olùtọ́jú eyín ní rọ́bà tó ń yí àwo ló ti gbó.
Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà.
Ó ní wáyà ni. Wọ́n ra wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò,
owó rẹ̀ tó owó iná oṣù mẹ́ta.
Orin ṣì ń falẹ̀.
Ìyá Kuwabara ò sọ nǹkan kan.
Lọ́kàn tirẹ̀, ọ̀fọ̀ ni:
ṣebí bí ilé bá ń ṣọ̀fọ̀, gbogbo ohun inú rẹ̀ a máa rìn gbẹ̀rẹ̀.

Nínú ooru oṣù kẹjọ, Tomobe Nagisa wọkọ̀ ojú irin wá láti Sapporo
pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan, àti ikọ́.
Ó tan iná kékeré tó ń ṣẹ́jú sí etí àwo tó ń yí.
Àwọn àmì ibẹ̀ dúró gbọn-in,
kò séyìí tó yọ́ síwájú, kò séyìí tó fà sẹ́yìn:
ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan,
bó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.
"Kò falẹ̀," Nagisa wí.
"Ó ń falẹ̀," Ogiwara wí.
Òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì sọ.

Nagisa wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pà!
Àtẹ́wọ́ náà kọ̀, kò kú.
Ó lọ sí igun ọ̀tún, ó padà,
ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.
"Ohùn ìsàlẹ̀ kì í pẹ́ dé," ó ní,
"lílọ ni kì í tètè lọ.
Àlejò àkọ́kọ́ ò tí ì dìde, èkejì ti ń kanlẹ̀kùn,
ẹ wá rò pé èkejì ló pẹ́."

Bó bá ṣe èdè tèmi ló ń sọ ni, ì bá ti rẹ́rìn-ín,
nítorí àmì ohùn nìkan ló la ọ̀rọ̀ méjèèjì:
yàrá ni kò jẹ́ kó yára.

"Kí lẹ gbé kúrò níbí?"
Wọ́n ní kò sí.
Àfi Ìyá Kuwabara tó ń wo ìṣó mẹ́fà lára ògiri, lẹ́yìn sípíkà ọ̀tún.
"Kóòtù ọkọ mi," ó ní. "Onírun àgùntàn.
Ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta ni mo kó wọn sínú àpótí."

Omi hó. Ẹnikẹ́ni ò pa á.
Ogiwara ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n kó kóòtù jáde pẹ̀lú òórùn káńfọ̀,
wọ́n fi wọ́n kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Bọ́tìnnì kan ti já lára ẹ̀kẹfà;
tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi wà lápò rẹ̀, lílọ nìkan, kò sí àbọ̀.
Nagisa wúkọ́. Ikọ́ náà kú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé àwo kan náà sí i.
Onílù gbẹ́sẹ̀.
Jìtá ńlá sọ tẹnu rẹ̀, ó panu dé,
ó tún sọ, ó tún panu dé,
Mizoguchi sì ń fi ìka ta tábìlì láìmọ̀.

Ìyá Kuwabara ò jókòó. Ó ń tún ọrùn kóòtù kan ṣe
nígbà tí abẹ́rẹ́ dé àárín àwo.
Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni, bíi ti àná.
"Ó ti tán?" ó ní. "Kíá báyìí?"