Èjìká Òsì

Kí ó tó di ẹni tí à ń sanwó wò,
Jeevan Thakral ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀ láti orí ẹṣin
dípò ẹni tí ojú rẹ̀ dára jù ú lọ.
Bọ́ọ̀dá Atọ́lágbé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa,
ó kà á nínú ìwé aláwòrán kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀.
Ìṣubú kẹtàdínlógún ni èjìká òsì yẹ̀.
Ẹni tó fà á padà kò fà á délé;
láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn
bí ẹni tó gbé korobá omi tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Báyìí ni gbogbo ọmọkùnrin Kàbà ṣe sọ èjìká kalẹ̀.
À ń lọ odò, èjìká kan wálẹ̀.
À ń lọ gba ara Olúwa, èjìká kan wálẹ̀,
títí Fadá fi bi àwọn ìyá wa pé irú àrùn wo ló wọ̀lú.

Alẹ́ Sátidé, ẹ̀yìnkùlé Atọ́lágbé,
aṣọ ìbùsùn funfun méjì tí a rán pọ̀:
ojú ìrán náà gba àárín imú gbogbo ẹni tó bá wọ inú àwòrán.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́.
Lọ́rí oníṣu ló ń gbé fíìmù bọ̀ láti Lọ́kọ́jà;
bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kò ní pé
tí ìjà owó wa yóò bẹ̀rẹ̀.

A ò gbọ́ èdè náà. Kò sí ẹni tó gbọ́.
Ó máa ń sọ “acha” ṣáá, àwa gbọ́ “àṣà”,
àwọn àgbà á mi orí: “Ọmọ tó mọ àṣà nìyẹn.”
Bí ìyá rẹ̀ bá sunkún lára aṣọ,
Àǹtí Sẹlínà tó ń ta kajú sísun á sunkún jù ú lọ,
lọ́la á tún ìtàn náà sọ fún ẹni tí kò wá,
pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ó máa ń kú. Òun ló jẹ́ kí a sọ ọ́ ní Akújí.
Sátidé yìí, ọta bà á láyà, ó kú sórí itan ìyàwó ẹlòmíràn;
Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ti gun kẹ̀kẹ́, ó ń ta òdòdó,
bí ẹni pé a ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ délé.

Ogún ọdún ló fi jẹ́ ọkọ ìyàwó.
Ó di bàbá ìyàwó.
Ó di adájọ́ tó ń gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Nínú èyí tó dé Kàbà kẹ́yìn, afọ́jú ni wọ́n fi ṣe,
ó di abọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, kò sọ nǹkan kan.
Ṣùgbọ́n a rí èjìká yẹn. Gbogbo wa pariwo.
Ọdún náà ni fídíò dé. Atọ́lágbé ta jẹnẹrétọ̀ fún ọlọ́lọ̀ kan ní Ìyàrà.

Inú bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà ni ikú rẹ̀ ti bá wa:
ìlà mẹ́rin, ó ti pé oṣù mẹ́jọ,
yàrá àyágbé, àwọn aládùúgbò kò mọ̀ pé òun ni.
Atọ́lágbé kà á, ó tún un kà, ó jẹ ẹ̀pà náà tán.
Ó lọ yá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á,
ó gbé fíìmù kan tó kù jáde.
Rọ́ọ̀lù ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti pa á, iná ti jẹ ẹ́ tipẹ́.
Ó ń wọ bàtà, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀,
aṣọ sì funfun báláú, kòkòrò bò ó.
“Ẹ jókòó,” ni Atọ́lágbé wí. “Kò tíì tán.”
A jókòó.

Lọ́dún tó kọjá, ní gáréèjì Lọ́kọ́jà,
mo rí bàbá kan tó ń wọ́nà ọkọ̀,
èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí.
Mo ní, “Ọ̀kun o.”
“Ọ̀kun,” ó dáhùn, kò tilẹ̀ wo ojú mi;
èjìká mi ló ń wò.