Kòkòrò Igba Ó Lé Méjìlá

Alẹ́ Sátidé ni, ní Utako, lórí àjà kẹta.
Ọyẹ́ ti fi eruku kun gíláàsì fèrèsé.
Èmi àti Ɗayyabu nìkan ló kù sí ọ́fíìsì,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ nísàlẹ̀ bí àgbà tó sùn síta.

A fẹ́ kó ìwé kòkòrò wa kúrò nínú ilé àtijọ́
lọ sí ilé tuntun.
Kì í ṣe kòkòrò inú ẹ̀wà ni mò ń wí,
kì í ṣe tata, kì í ṣe yànmùyánmú:
àṣìṣe tó sá pamọ́ sínú iṣẹ́ ọwọ́ wa ni,
bọ́tìnnì tá a tẹ̀ tí kò jẹ́,
ìṣirò tó gbàgbé náírà kan sójú ọ̀nà,
ojú ewé tó funfun báláú níṣojú oníbàárà.
Ẹni tó bá rí i á kọ ọ́ sílẹ̀, á fún un ní nọ́ńbà,
á kọ orúkọ ẹni tí yóò pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọdún mẹ́fà la ti ń kọ ọ́.
Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Ilé àtijọ́ ti gbó.
Bó o bá bi í ní nǹkan láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dáhùn.
Màdáámù Rifkatu ní, “Ẹ ṣe é lóru,
kílẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́.”

A ṣe àdàkọ. Ɗayyabu ní ká tún òmíràn ṣe,
torí ìwé gbèsè ẹyọ kan ni bàbá rẹ̀ ní ní Kano:
ọjọ́ tí iná jó ṣọ́ọ̀bù,
gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ló ṣarán lọ́jọ́ kan náà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà aláwọ̀ ewé ń fà bí ìgbín.
Ogún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ogójì.
Ní ọgọ́ta, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.
A ò mí títí bátìrì fi gbà á.
Ọgọ́rùn-ún.

Ilé tuntun mọ́ tónítóní. Ó kí mi:
Káàbọ̀, ?kúnday?.
Ẹkún ti sọ orí nù, ayọ̀ ò nídìí mọ́.
Ó kí ọ̀rẹ́ mi náà: Káàbọ̀, ?ayyabu.
“Wallahi,” ó ń rẹ́rìn-ín, “wọ́n ti bẹ́ mi lórí.”

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i rí.
Mo wá a lọ: nọ́ńbà igba ó lé méjìlá,
ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ndagi ló kọ ọ́
láti ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin:
“Nọ́ọ̀sì ní Tọ́lá wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, Tẹ́lá ní ìkẹsàn-án,
T?lá làwọn méjèèjì nínú ẹ̀rọ wa.
Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé oògùn ẹnìkan fún ẹnìkejì.”

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdáhùn kan:
“Kì í ṣe kòkòrò. Kí wọ́n máa kọ orúkọ láìfàmì sí i.
Mo ti tì í.”
Èmi ni.
Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mò ń sáré lọ sí Kubwa kí ọ̀nà tó dí,
ẹni tó bá sì tì jù là ń yìn nípàdé.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ndagi ṣí i,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tì í.
Lẹ́yìn náà kò kọ nǹkan kan mọ́.
Nígbà tó kọ̀wé iṣẹ́ sílẹ̀, ìlà méjì péré ni.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Mo ṣí i.
Ilé tuntun béèrè: ta ni yóò pa á?
Mo tẹ orúkọ ara mi, mo fàmì sí i dáadáa.
Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti ń pe ìrun àsùbáà lọ́nà Jabi.
Ɗayyabu bu omi sí kẹ́tùrù, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.
Mo jókòó,
àmì ìbéèrè méjì ń wò mí,
wọn ò ṣẹ́jú.