Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ kọ.
Mo kí olóyè, mo kí káńsẹ́lọ̀,
mo kí àwọn onílé láti Ìjẹmọ̀ títí dé Ìtòkú;
ojú ìwé méjì ti tán,
omi ò tíì wọ yàrá ẹnikẹ́ni.

Moróunmúbọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń jẹ òjòjò lọ.
"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"
Epo òjòjò ta sí ojú ìwé kẹta,
ibi tí mo ti dárúkọ bàtà ọmọdé kan.
Ó ní ibi tí epo kàn yẹn nìkan ló dùn.

Bàbá mi, ògbufọ̀ ní kóòtù Aké,
a máa sọ pé: "Bó o bá kó gbogbo ẹrù rẹ sẹ́nu ọ̀nà,
níbo ni àlejò ó gbà wọlé?"
Lọ́mọdé, mo rò pé ọ̀rọ̀ àga ló ń sọ.

Mo gbé ohun tó kù lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé.
Mò ń sọ ọ́, mò ń rìn.
Níbi tí èémí bá ti já,
mo fi ẹfun fa ilà sí òkúta:
ibí ni kí n dákẹ́ sí,
kí wọ́n lè gbọ́ ọkàn ara wọn.
Ewúrẹ́ aládùúgbò lá ilà méjì jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.
Makirofóònù di igi lọ́wọ́ mi.
Olóyè Ṣóbándé ń tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ fóònù.
Mi ò kí ẹnikẹ́ni.
Mo gbé bàtà náà ka tábìlì,
ẹrẹ̀ odò Sókòrí ṣì wà létí ìdè rẹ̀.
"Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ni í.
Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà nínú omi."

Mo dúró níbi ilà ẹfun.

Ọmọ náà yè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó sọ ọ́.
Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni; mi ò tíì bi Ọlọ́run.
Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tó dí gọ́tà:
ọ̀rá, páànù, mátírẹ́ẹ̀sì ẹnì kan,
àti àpò ìrẹsì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù tèmi lára.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó súnmọ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ:
ṣọ́bìrì, láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀.

Mo ti jókòó kí n tó rántí pé mi ò kí Olóyè.
Òun ló kọ́kọ́ dìde.
Ó wo bàtà, ó wò mí,
ó ní, "Ṣọ́bìrì mélòó?"