Ìwé Kẹta

Ní Dáda, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò,
ìkòkò tí kò tíì rí iná ò gbọdọ̀ fojú kan omi.
Èyí tó jóná tó sán ni wọ́n kó síta;
òun ló ń gba omi dúró,
inú rẹ̀ ni tanwíjí ti ń jó
bí àmì ohùn tó já bọ́ lórí ọ̀rọ̀.

Mo fi ọ̀pá rọ́bà sẹ́nu, mo ń fa yànmùyánmú
lára ògiri Ìyá Sàfúrátù, kí wọ́n tó kírun àsùbáà.
Ara dúdú, ẹsẹ̀ tótòtó funfun.
Méjìlélọ́gọ́ta. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
"Ọmọ yunifásítì, ṣé ẹ ń jẹ wọ́n ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé inú wọn la fẹ́ kà.
Ó ń fi àkísà tútù yí ọrùn ìkòkò po,
kò wí nǹkan kan mọ́.

Ní Tánkè, jẹnẹrétọ̀ ń ké.
A lọ̀ wọ́n nínú ìgò tí kò tó ọmọ ìka,
a da omi ara wọn sórí ẹ̀rọ
tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ náà gbọ́.
Ó ń kà á bí ọmọ ilé-kéwú
tí wàláà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́,
láìmí, láìmọ ìtumọ̀.

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú yànmùyánmú kan:
ti òun fúnra rẹ̀, èyí tó gùn jù;
ti àlejò tó gùn ún wọ̀lú;
àti ti ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ gbẹ̀yìn.
Òfin wa ni pé ká pa ìkẹta rẹ́,
nítorí ẹni náà ò fún wa láyè ká ka òun.
Dókítà Ọlátínwọ́ dúró tì mí títí mo fi tẹ bọ́tìnnì.

Ọjọ́ kẹjọ lèsì dé, bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.
Àlejò náà jọ ibà pọ́njú, kì í ṣe òun,
bí ọmọ ìyá tó dàgbà sílùú odi.
A ò ní orúkọ fún un. Nọ́ńbà la fún un.
Bóyá ó ń pani,
bóyá ó kàn ń wọkọ̀ ọ̀fẹ́ kiri ni.
Mo kọ "a ò tíì mọ̀", mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo padà sí Dáda,
gbogbo ìkòkò sísán ti dojú bolẹ̀.
N kò sọ fún un kó ṣe bẹ́ẹ̀.
Ó ní: "Lọ́dún ìjẹta, ọjọ́ mẹ́rin ni ibà fi pa Sàfúrátù.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Wọ́n ní ibà lásán ni.
Nínú ìwé tẹ́ ẹ kà, ẹ ò rí i?"

Orúkọ òkú ni mo ti fi ń kí i láràárọ̀.
Ara ògiri rẹ̀ ni mo ti mú wọn;
ẹ̀jẹ̀ ta ló tún lè jẹ́?
Ìdajì Sàfúrátù wà nínú ohun tí mo pa rẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, a ò kà débẹ̀."
Ó ní kí n wá gbé etí kan
ìkòkò ńlá tó kù. Omi ṣì wà nínú rẹ̀.