Ní Ìdí Irin Búlọ́ọ̀kù

Iná lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Sàngó,
ojú kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ṣú lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀:
"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn dé ẹ̀yìn ọgbà."

Bàbá Múnírù ló wà níbẹ̀, ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù.
Ó fi ṣọ́bìrì kó yanrìn oníṣìmẹ́ńtì sínú irin,
ó gbá a mọ́lẹ̀, ó yọ irin,
búlọ́ọ̀kù tútù kan jókòó sílẹ̀, ó ń mí èéfín omi.

"Ta ló lè fi irin yẹn mọ ilé?"
Kò sẹ́ni tó fèsì.
"Kíláàsì tí mò ń pè lójoojúmọ́,
kì í ṣe yàrá tí iná lọ nínú rẹ̀.
Irin yìí ni. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde la fi ń mọ ilé."

Ewúrẹ́ kan kọjá, ó tẹ búlọ́ọ̀kù kẹta.
Pátákò rẹ̀ hàn lára ìyẹn nìkan.
Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rówó he:
"Irin kan ló bí gbogbo wọn,
kálukú ló ń gbé àpá tirẹ̀."

Múnírù ń bẹ nítòsí, ó jogún irin bàbá rẹ̀,
ó jó òdòdó kan mọ́ ọn nínú.
Mo bi bàbá pé ṣìmẹ́ńtì mélòó ló ń lò.
"Búlọ́ọ̀kù ni kí o béèrè, n ó fún ọ.
Má ti ọwọ́ bọ inú àpò mi."

Èyí tí kò yé mi ni lẹ́tà T,
tó há sáàárín àmì kékeré méjì.
Mo gbé e relé, ní Òkè-Àdó,
níbi tí Ìyá mi ti ní, "Rìsíkátù, fọ kẹ́ẹ̀gì."
Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, òfìfo,
ìdérí kan náà, ọ̀nà kan náà láti rọ ọ́, láti dà á,
kò sí èyí tó mọ ohun tí òun yóò gbé.
Ìyá mú èédú, ó kọ "epo pupa" sára ọ̀kan,
"kẹrosíìnì" sára èkejì.
"Ẹni bá da tọ̀hún sínú tibí,
kó tó dé ìdí ààrò ni n ó ti mú un."

Omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi.
T ni àyè tí Ìyá kò tíì fi èédú kàn.

Iná dé láago mẹ́sàn-án. Mo kọ ìlà márùn-ún,
mo da ọ̀rọ̀ sínú àpótí nọ́ńbà,
kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀, kò tilẹ̀ gbéra.
Ó ṣe bí Ìyá mi gẹ́lẹ́.