Ìdákẹ́jẹ́ Ni Mò Ń Tà

Ẹ ní ṣé iṣẹ́ àláàmù ń pawó?
Ẹ sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì yìí, ní Tàkìé,
níbi tí ọkọ̀ Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ti ń fi eruku kíra wọn,
ká jọ ṣírò ọ̀kan ṣoṣo.

Alàájì kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Búsàrí,
a-kó-kajú-jọ, àká rẹ̀ wà ní apá Ìjẹrù,
gbà láti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án.
Àpótí pẹ̀lú ojú mẹ́rin tó ń wo inú òkùnkùn: àádọ́rin.
Wáyà: méjìlélógún.
Bátìrì: méjìdínlọ́gbọ̀n.
Mẹ́wàá fún ọkọ̀ Ìbàdàn, àlọ àtàbọ̀.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Oyèkúnlé, ọmọṣẹ́ mi,
tó gun àjà, tí agbọ́n ta létí,
tí etí náà wú bíi búrẹ́dì.
Márùndínlógójì ló kù. Ó tó owó.
Àmọ́ ọgọ́rùn-ún péré ni Alàájì kà sílẹ̀,
ó ní kajú tuntun ni yóò gbé ọgọ́rin wá.
Òjò àìròtẹ́lẹ̀ sì gbọn òdòdó kajú dànù lọ́dún náà.

Ariwo ni mo máa ń gbé wá, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rà.
Wàhálà ọjà mi nìyẹn.
Aránṣọ rán, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára oníṣọ.
Tèmi, bí mo bá ṣe é re,
kò sí nǹkan kan tó máa ṣẹlẹ̀.
Ìyá Ìyínolúwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Màsífà,
pè mí lẹ́yìn ọdún kan gbáko:
"Nǹkan tí o kàn mọ́ ògiri mi yìí, kò tíì ké rí.
Ṣé kì í ṣe pé o lù mí ní jìbìtì?"
Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣọpẹ́."
Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ti ń ṣọpẹ́,
àwọn ò jẹ mí ní ọpẹ́ kankan.

Ó di òru kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà,
aago méjì ku díẹ̀,
fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti àká Alàájì.
Mo sáré, sálúbàtà ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tèmi lósì,
mo ṣáájú àwọn ọlọ́dẹ débẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Àpò kajú mẹ́ta lórí bárò;
ẹni tó ń tì í, Alàájì fúnra rẹ̀,
nọ́ńbà tí mo fi kọ́ ọ ti fò lórí rẹ̀.
Ó ń kó ọjà ara rẹ̀ sá
fún àwọn tí òun jẹ lówó, kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo wò ó. Ó wò mí.
Àwa méjèèjì jọ rántí lẹ́ẹ̀kan náà
pé èmi náà wà lára wọn.

Mo tẹ nọ́ńbà. Ariwo dá.
Àwọn ọlọ́dẹ dé pẹ̀lú ṣakabùlà, wọ́n ní kí ló dé?
Mo ní alángbá ni.

Kí oòrùn tó ta, ọgọ́rin ti pé sí mi lọ́wọ́,
kò dín kọ́bọ̀.
Ẹ kọ ìyẹn sí abẹ́ èrè,
bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Owó tó ń bọ́ni gan-an, ẹ̀yìn iṣẹ́ ló wà:
ilé mẹ́rìnlá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣooṣù,
kí n máa nu eruku ojú rẹ̀,
kí n máa pààrọ̀ bátìrì tí NEPA ti pa.
Àádọ́rin nìyẹn, bí gbogbo wọn bá san.
Wọn kì í san tán,
àfi bí olè bá ja Ṣábó lálẹ́.
Nígbà náà, fóònù mi ò ní sinmi títí di ọ̀sán,
kódà Ìyá Ìyínolúwa á pè,
ohùn wọn á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Mi ò gbàdúrà kí olè pọ̀ o.
Ṣùgbọ́n Aṣàbí, ìyàwó mi, ní òun ò gbọ́ ọ rí
kí n gbàdúrà kí wọ́n tán.

Ilẹ̀kùn tiwa ńkọ́?
Ìṣó kan tí mo tẹ̀ kọrọdọ ni a fi ń há a.
Ó ti dípẹtà.